Ọwọ́ Òsì Ìyá Àgbà

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní Òkìtìpupa, apá ọ̀tún wọn kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n sì bá wọn lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn wọ́ wálẹ̀, kò gbéra mọ́. Ohun tó kù tí wọ́n fi lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò ju ẹyinjú méjì àti ọwọ́ òsì lọ. Obìnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń pe àwọn tó ń bá wọn bó gbágùúdá lẹ́yìnkùlé, à ń gbọ́ ohùn wọn dé ojú títì, ni mò ń wí yìí. Ọdún kan ó lé oṣù mélòó kan ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pa ipò dà. Àkókò yẹn ni mo tó mọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń pe ara mi ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó tún gbọ́ Ìkálẹ̀, ohun tí à ń pè ní ìtumọ̀ kò tíì yé mi rárá.

Àmì kan wà tí wọ́n máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á gbé ọwọ́ òsì yẹn kúrò lórí ibùsùn díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á dojú kọ ilẹ̀. Ìka mẹ́rin á tẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́lẹwọ́. Àtàǹpàkò á dúró sọ́tọ̀, kò ní bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ìka á tún là. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ọwọ́ tó padà sórí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní ènìyàn ni wọ́n ń pè, pé ká sún mọ́ wọn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní wọ́n ní ká máa lọ ni, pé oorun ń kùn wọ́n. Bàbá mi ní òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n. A sún mọ́ wọn, wọ́n ń wò wá. A jáde, wọ́n tún ń ṣe é. A gbé omi dé, wọ́n pa ẹnu dé. Bí a bá béèrè ohun tó bá ti inú wọn mu, wọ́n máa ń di ojú lẹ́ẹ̀kan ká lè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ti àmì yìí, wọn kò di ojú fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti gbé àmì yẹn rin ọ̀nà jíjìn láti ìgbà náà. Ó mú mi dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí n kò fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ rí.

Íńdíà kò kúkú ṣàjèjì sí wa tán. Àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Òǹdó láyé tí Michael Adekunle Ajasin ṣe gómìnà, láti 1979 sí 1983, á rántí pé àwọn olùkọ́ láti Íńdíà àti Gánà wà lára àwọn tó kọ́ wa. Obìnrin ará Íńdíà kan ló kọ́ wa ní ìṣirò. Bí ọmọ kan bá jáde lọ kọ ìdáhùn sójú pátákó, tó sì gbà á, olùkọ́ wa á máa mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹ̀ka igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọmọ náà á sì yára nu ìdáhùn rẹ̀ kúrò, torí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń mi orí bẹ́ẹ̀, rárá ló ń sọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yé wa pé “ó dáa bẹ́ẹ̀” ni orí yẹn ń wí. Nígbà tó yé wa tán, orí náà kò yí padà. Bó ṣe ń mì lánàá náà ló ń mì lónìí. Àwa la yí padà.

Àwọn ará ibẹ̀ ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ronú lórí ọwọ́. Ìwé kan tó ń jẹ́ Natyashastra, tí wọ́n sọ pé Bharata ló kọ ọ́, ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Eré, orin àti ijó ló dá lé. Òmíràn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, Abhinaya Darpana ti Nandikeshvara, ka ọ̀nà 28 tí oníjó lè gbà gbé ọwọ́ kan ṣoṣo, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àwọn tó ń jó bharatanatyam ní gúúsù Íńdíà ṣì ń lò wọ́n dòní. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pataka, ìyẹn àsíá. Na ọwọ́ rẹ gbọọrọ, kó ìka pọ̀ kí àlàfo má sí láàárín wọn, kí o wá tẹ àtàǹpàkò díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó tán. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà yìí ni ìkùukùu, òun ni igbó, òun ni òru, òun ni odò, òun ni afẹ́fẹ́, òun ni ẹṣin, òun náà la fi ń dá ènìyàn lẹ́kun pé má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà to ìlò rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, inú mi kò dùn sí i. Ohun tó bá ń jẹ́ igbó, tó tún ń jẹ́ odò, tó tún ń jẹ́ òru, kí ló wá sọ gan-an? Bí agbọ̀n ni mo fẹ́ kí ọwọ́ rí: kí ẹnìkan di ẹrù sínú rẹ̀ níhìn-ín, kí ẹlòmíràn tú u lọ́hùn-ún, kí iye ẹyìn tó wọ inú rẹ̀ àti iye tó jáde dọ́gba. Bí mo ṣe wo ọwọ́ ìyá àgbà náà nìyẹn. Mo gbà pé ẹrù kan wà níbẹ̀ tí àwa kò mọ̀ ọ́n tú.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá tó ni àrokò kò yẹ kó ṣi irú èyí mú. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọra létí. Mẹ́jọ wà fún àwọn tó jọ wà pọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn jọra. Ẹyọ owó kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́. Kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó mẹ́fà ló máa rí, á sì ná an. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lára ẹyọ, kò sí lára òwú tí wọ́n fi so ó. Inú èdè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ ló wà. Èmi tí mo mọ èyí láti kékeré ni mo tún jókòó ti ibùsùn, tí mò ń wo ìka márùn-ún bí ẹni pé ìdáhùn á jáde láti abẹ́ èékánná.

Àmọ́ ọwọ́ kò rí bí ẹyọ. Ẹyọ kì í gbọ̀n, kì í rẹ̀ ẹ́, kò sì ṣiṣẹ́ kankan rí kí wọ́n tó fi ṣe àrokò.

Ẹni tí kò bá mọ pupuru kò lè mọ ọwọ́ tí mò ń sọ. Oúnjẹ àwa Ìkálẹ̀ àti àwọn ará wa Ìlàjẹ ni. A ó bó gbágùúdá, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí á fi rọ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó yọ okùn inú rẹ̀ kúrò, a ó dà á sínú àpò, a ó sì gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọwọ́. Ìyá àgbà á bù ú, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i, wọ́n á máa gbá a pẹ́pẹ́, wọ́n á tún yí i, títí á fi di roboto bí orí ọmọ tuntun. Wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná, èéfín á sì sọ ara rẹ̀ di dúdú. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́ la ó ha dúdú yẹn kúrò, ká tó gún un, ká kù ú, ká rò ó nínú omi gbígbóná. Ohun tí mo máa ń wò lára rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ni àpá ìka. Ojú ihò mẹ́rin tí kò jìn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ìka mẹ́rin ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, ọ̀kan sì wà lódì kejì, ti àtàǹpàkò. Èéfín kì í pa á rẹ́, ṣe ló máa ń fi hàn kedere. Ìka ọmọńdinrín ìyá àgbà tẹ̀ díẹ̀, nítorí náà mo mọ pupuru tiwọn yàtọ̀ sí ti gbogbo obìnrin tó wà lágbo ilé wa, kódà bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ẹ ó ti fura sí ohun tí mo rò. Èmi náà fura. Lọ́jọ́ kan mo ra pupuru kan lọ́jà, odidi, tí wọn kò tíì ha, mo sì rọra tì í sábẹ́ ọwọ́ òsì yẹn ní àsìkò tí wọ́n máa ń ṣe àmì náà. Ìka wọn mú un. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ara rẹ̀ títí tí ìdọ̀tí dúdú fi kun àtàǹpàkò náà, wọ́n gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Mo ní, “Ìyá, ṣé òun nìyí?” Wọ́n ń wò mí. Wọn kò di ojú. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ibùsùn, ìka mẹ́rin sì tún tẹ̀ wálẹ̀.

Ìdààmú mìíràn tún wà nínú ilé náà: ọwọ́ òsì ni. Ọmọ Yorùbá kan kò ní dàgbà kó má mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi í kí ènìyàn, a kì í fi í bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi í júwe ilé baba ẹni. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti ìlú Èkó wá kí wọn, tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìyá àgbà gbé ọwọ́ òsì lé e lórí. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sún síwájú láti gbé ọwọ́ náà kúrò; ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí àdúrà má lọ dorí kodò. Bàbá mi ló ní, “Ẹ fi sílẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ní nìyẹn.” Àbúrò mi kò gbé orí. Láti ibi tí mo dúró sí ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, mo rí i tí ìka wọn ń wá nǹkan kiri nínú irun rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wá okùn nínú gbágùúdá tó ti rọ̀.

Àwọn Ògbóni, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Lára ère idẹ wọn, a máa ń rí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, tó gbé ti òsì lé ti ọ̀tún, tí àtàǹpàkò méjèèjì fara pamọ́ sínú. Ọwọ́ tí a kọ̀ lójú ọjà náà ni àwọn àgbà fi ń jẹ́rìí òótọ́ nínú ilédì. Ẹ wo bí èyí ti jìnlẹ̀ tó. Ẹni tó kọ̀ ọ́ àti ẹni tó gbà á, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ibi tí a gbé wà àti ẹni tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ bí a ó ṣe ka ọwọ́ náà. Bàbá mi kì í ṣe Ògbóni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní “ọwọ́ tí wọ́n ní nìyẹn,” wọ́n ti gbé ibùsùn ìyá wọn kúrò lójú ọjà.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ gan-an ló jà ní Íńdíà lórí ijó bharatanatyam yìí. Láti ayébáyé, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní devadasi, tí wọ́n ti fi fún òrìṣà inú tẹ́ńpìlì, ló ń jó o. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń kan ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé àti ìjọba ń wo àwọn obìnrin wọ̀nyí bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 1936 Rukmini Devi Arundale, obìnrin láti ìdílé Brahmin, dá ilé ẹ̀kọ́ Kalakshetra sílẹ̀ ní Madras, ó gbé ijó náà wá sórí ìtàgé, ó sì fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, kí ìfọkànsìn nìkan lè kù. Ní 1947 òfin jáde ní Madras pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi obìnrin fún tẹ́ńpìlì mọ́. Obìnrin kan wà tí kò gbà. Balasaraswati ni, tí wọ́n bí ní 1918 sínú ìdílé devadasi fúnra rẹ̀. Ohun tó dúró lé ni pé ìfẹ́ ni gbòǹgbò ijó náà, pé òòfà tó wà láàárín olólùfẹ́ méjì kò jìnnà sí èyí tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, pé ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ kúrò ti wẹ gbòǹgbò ijó náà dànù. Mi ò lè ṣe adájọ́ láàárín wọn. Òfin náà gba àwọn ọmọbìnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Balasaraswati, nítorí mo ti rí bí ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn ṣe lè na ọwọ́ láti gbé ọwọ́ ìbùkún kúrò lórí ọmọ, kí nǹkan má bàa bàjẹ́.

Satyajit Ray ya fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 1976, orúkọ rẹ̀ ni Bala. Balasaraswati ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà náà, ara rẹ̀ ti wúwo. Ó dúró létí òkun, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, ìgbì òkun ń ya lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń jó orin kan tí wọ́n fi ń pe òrìṣà Krishna kékeré pé kó tètè máa bọ̀. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á tún un kọ, ọwọ́ obìnrin náà kò sì ní sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ló ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ìyá ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó di ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run lọmọ yìí, tí ẹnu sì ń yà á pé òun lè pè é. Pataka kan ṣoṣo ló ń jẹ́ igbó àti odò àti òru. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “máa bọ̀,” ló ń gba ọwọ́ oríṣiríṣi. Mo wò ó lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí a ti sin ìyá àgbà, mo sì pa á nígbà tí kò tíì tán. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyàwó àbúrò wọn lè jọ sọ òótọ́. Ìyá tó bá ń pe ọmọ rẹ̀ wá síbi ibùsùn tó máa kú lé lè máa lé e lọ pẹ̀lú ìka kan náà.

Wọ́n máa ń kọ́ ọmọ oníjó pé ojú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọwọ́, kí ọkàn sì tẹ̀lé ojú. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé ni rasa ti ń jáde, ìyẹn oje, bí èyí tó ń jáde lára ọsàn tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bharata ka rasa mẹ́jọ, ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù àti ìbínú wà nínú wọn. Nígbà tó di àkókò Abhinavagupta ní Kashmir, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àlàáfíà ti di ìkẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ Abhinavagupta tó mú mi lọ́kàn ni pé oje yìí kò sí lára oníjó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó ló wà. Wọ́n sì ní orúkọ fún irú awòran bẹ́ẹ̀, sahridaya, ẹni tí ọkàn rẹ̀ àti ọkàn oníjó jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti tú ọ̀rọ̀ wa kan palẹ̀ bákan náà: ó ní à-wò-rántí ni àwòrán, ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí, ó sì pe àkíyèsí sí bí àwòrán àti awòran ṣe sún mọ́ra tó, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò gbọ́ ọ rí.

Ojú ni Íńdíà fi ń parí ọ̀rọ̀ ọwọ́: ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ijó kathakali ní Kerala máa ń fi òwúrọ̀ kùtùkùtù kọ́ bí ẹyinjú nìkan ṣe ń rìn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú agbo ijó Yorùbá, ojú tó tutù la máa ń yìn, ojú ẹni tó farabalẹ̀, bí ara yòókù tiẹ̀ ń jó bí iná. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, igi gbígbẹ́ ni oníjó gbé lórí, aṣọ sì bo ojú tirẹ̀. Ojú igi náà kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sunkún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ tó so irin mọ́ ló ń dá ìlù lóhùn, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ mọ́lẹ̀ láìku ohùn kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ohun tí ojú kò fi hàn kò sí. Kí wọ́n lọ dúró níwájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ojú ìyá àgbà ti di irú ojú yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan kò lè mira, ó ti rẹ ìkejì. Nítorí náà ni gbogbo wa ṣe sá tọ ọwọ́ lọ. Àní èdè wa fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa láti máa sá tọ ọwọ́ lọ: ẹni tí ìbànújẹ́ bá ká mọ́lé, a ní ó káwọ́ lérán, ẹni tí àjálù bá dé bá, a ní ó káwọ́ lérí, ẹni tó jẹ̀bi, a ní ó káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ló jókòó sí tí lọ́yà rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa kó tó di pé a gbé e sókè. Jáwọ́, tẹ́wọ́ gbà, lọ́wọ́ sí i, bu ọwọ́ lù ú. Létí tèmi, “jọ̀wọ́” tí à ń fi bẹ ènìyàn náà ní ọwọ́ nínú, ọwọ́ tó di nǹkan mú tí a ń bẹ̀ pé kó dẹ̀.

Ojú náà ni mi ò wò. Lẹ́yìn fíìmù yẹn ni mo tó bi ara mi pé, nígbà tí ìka mẹ́rin bá ń tẹ̀ wálẹ̀, níbo ni ojú ìyá àgbà ń wò? Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ alẹ́ kí n tó rántí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó yẹ ní wíwò. Wọn kò wo ọwọ́ náà. Wọn kò wo ẹnu ọ̀nà, wọn kò wo ìkòkò omi. Àwa ni wọ́n ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó wà lápá òsì dé orí ẹni tó wà lápá ọ̀tún: èmi tí mo tẹ̀ síwájú, bàbá mi tí wọ́n gbé ife dání, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń pariwo bí ẹni pé etí ìyá ló di. Ojú yẹn kò béèrè nǹkan. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó jókòó sórí àga nídìí agbo, tí wọn kò lè jó mọ́, tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ tó ń jó. Gbogbo wa rò pé àwa là ń wò wọ́n.

Àwọn oníjó Íńdíà ya ijó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó ń sọ ìtàn ni nritya. Nritta kò sọ ìtàn kankan: pataka kan náà, ọwọ́ kan náà, ń bá ìlù lọ lásán ni. Kò túmọ̀ sí igbó, kò túmọ̀ sí odò. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i níbẹ̀ pé kò sọ nǹkan, wọn kò sì kà á sí òfo. N kò mọ ìdí tí n kò fi fún ọwọ́ ìyá àgbà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn. Gbogbo wa fẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ti dàgbà báyìí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, a jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ pupa tí ìlú fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ti ọ̀nà Igbókọ̀dá bọ̀ lórí ọ̀kadà. Mo fi orin sí i fún wọn lórí fóònù mi: Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ Àṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀, tí ìyá àgbà fẹ́ràn, tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń dún lẹ́yìnkùlé nígbà tí àwọn obìnrin bá ń ṣe pupuru. Bàbá mi di ojú. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí apá àga. Bí ìlù ṣe wọlé, ó gbéra díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, ìka mẹ́rin tẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, àtàǹpàkò dúró sọ́tọ̀, ìka tún là.

Mo pe wọ́n. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń fi ọwọ́ yín ṣe un?”

Wọ́n la ojú, wọ́n wo ọwọ́ náà bí ẹni pé wọn kò rí i rí. “Èwo?” ni wọ́n wí. “Kí ni mo ṣe?”